Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí àwọn obìnrin kọjá lásán
Ẹ ṣeun tí ẹ gbé e jáde pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ilé ìwòsàn kékeré yóò máa ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí báyìí. Àwọn obìnrin tó ń gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń gbà lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta kí wọ́n má baà lóyún, ni ọ̀rọ̀ wọn ká mi lára jù. Bí ọjọ́ wọn bá yẹ̀, kí wọ́n má jókòó sílé o: àjọ WHO, ìyẹn àjọ ìlera àgbáyé, ní wọ́n ṣì lè gbà á títí di ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn ọjọ́ náà (ti olóṣù méjì ò tó bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ 2 péré ni). Láti 2019 ni àjọ yìí sì ti fọwọ́ sí i kí obìnrin máa fúnra rẹ̀ gún irú abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta tó ń wọ abẹ́ awọ. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wọn.