Owó oṣù àkọ́kọ́ ni yóò sọ irú ọ̀gá tí ẹ ní

Èrò ọkàn mi rèé, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ l'Ékòó, yálà ní Marina, ní Allen tàbí ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìdúmọ̀tà. Ẹ má fi ohùn ọ̀gá mọ ọ̀gá. Ẹni tó máa jẹ owó yín lè jẹ́ ẹni tó ń kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ gbàdúrà láràárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Owó ni kí ẹ máa wò: ọjọ́ tó wọlé, àkáǹtì tó ti wá, ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀, àti ibi tí ohun tí wọ́n yọ náà gbà lọ.

Àwọn àmì kan máa ń yọjú kí owó tó dé rárá. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé pé wọ́n ti yàn yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí ẹ kò kọ̀wé síbẹ̀ rí, tí kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ nínú rẹ̀, tó jẹ́ àdírẹ́sì kan ní Ojota tàbí Ogba ni wọ́n kàn kọ síbẹ̀, ẹ má fi owó ọkọ̀ ṣòfò. Gbọ̀ngàn tó kún fún àga lẹ sábà máa bá níbẹ̀, ọjà ni wọ́n fẹ́ kí ẹ máa tà, ẹ̀yin lẹ ó sì kọ́kọ́ sanwó ìforúkọsílẹ̀. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó aṣọ iṣẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yíjú padà. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ bá wà, ẹ wá a lórí ìkànnì CAC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó rí ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó sì rí bóyá "active" ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀ tàbí "inactive". "Inactive" kò sọ pé olè ni wọ́n. Ohun tó sábà ń fà á ni pé wọn kò fi ìwé ọdọọdún wọn ránṣẹ́ sí CAC. Àmọ́ ẹni tí kò ṣe ìwé tirẹ̀ déédéé, ẹ yáa ṣọ́ bí yóò ṣe ṣe tiyín.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ ná, lẹ́tà ń bọ̀" ni gbólóhùn tí mo kórìíra jù lọ lẹ́nu agbanisíṣẹ́. Òfin iṣẹ́ wa, ìyẹn Labour Act, ní kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, ó pẹ́ tán, kí oṣù mẹ́ta tó pé. Orúkọ agbanisíṣẹ́, ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, irú iṣẹ́ náà, iye owó àti ìgbà tí wọn yóò máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, ohun tí wọn yóò ṣe bí ara yín kò bá yá, àti iye ọjọ́ ìkìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹnikejì sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń fi agbára ara ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí dá lé. Bí ipò ọ̀gá tàbí iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú bá ni tiyín, lẹ́tà yín ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí ẹ ó gbé dúró lọ́jọ́ ìjà. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìgbà á.

Bí ẹ bá gbà á, ẹ wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀ dáadáa. Ó wọ́pọ̀ l'Ékòó kí ẹ máa jókòó nínú báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá kan, kí ó sì jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń kó òṣìṣẹ́ fún wọn ló gbà yín. Ìyẹn kò burú fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú lẹ́tà ni ẹ ó dojú kọ bí owó bá há. Ẹ tún wo ọjọ́ ìkìlọ̀ lápá méjèèjì. Ohun tí Labour Act sọ ni ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì kọjá oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan títí di ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì títí di ọdún márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún. Lẹ́tà tó bá ní kí ẹ̀yin kìlọ̀ fún oṣù mẹ́ta, tí ilé-iṣẹ́ sì lè lé yín lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹni tó kọ ọ́ ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bákan náà ni lẹ́tà tó ní obìnrin kò gbọdọ̀ lóyún láàárín ọdún méjì. Ọ̀sẹ̀ 12 ni òfin fún aboyún láti fi sinmi, ẹni tó bá sì ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, ó kéré tán, ìdajì owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wọlé.

Ìwé ẹ̀rí yín ńkọ́? Ẹ gbé ojúlówó rẹ̀ wá kí wọ́n fi ojú rí i, ẹ fún wọn ní fọ́tòkọ́pì, kí ẹ sì gbé ojúlówó náà padà sílé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹni tó bá ní àfi kó wà ní dúrọ́ọ̀ òun fẹ́ fi ìwé yín so yín mọ́lẹ̀. Fọ́ọ̀mù onídùúró wọ́pọ̀ níbi gbogbo, mi ò ní kí ẹ sá fún un, ṣùgbọ́n ẹ kà á kí ẹ tó gbé e fún bùrọ̀dá tàbí àǹtí yín. Àwọn kan kọ ọ́ pé gbogbo gbèsè àti àdánù yòówù tó bá ṣẹlẹ̀ ni onídùúró yóò san, láìsí iye. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye kan sí i.

Ọ̀rọ̀ wá kan owó wàyí, ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀.

Ẹ ṣọ́ ilé-iṣẹ́ tó bá ní òun yóò "mú ọ̀sẹ̀ méjì dání" nínú owó oṣù àkọ́kọ́ títí ẹ ó fi kúrò. Ẹ kò jẹ wọ́n lówó. Owó tí ẹ ti ṣiṣẹ́ fún ni, òfin sì ní kí àkókò ìsanwó má kọjá oṣù kan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, wọn yóò wá ẹ̀sùn kan láti fi gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ìtanràn ni èkejì. Ọ̀pọ̀ ibi ló ti sọ ọ́ di àṣà: ẹ pẹ́, ₦2,000, ẹ gbàgbé káàdì, ₦1,000, ẹ kò dáhùn lórí WhatsApp, ₦500. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú tàbí Abúlé Ẹ̀gbá lọ sí Victoria Island lè kúrò nílé ní agogo márùn-ún àárọ̀ kó sì tún pẹ́, torí ọkọ̀ kan bàjẹ́ lórí Third Mainland Bridge. Labour Act kò gbà kí wọ́n yọ ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́, kódà bí ẹ bá fọwọ́ sí i. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó ba á jẹ́ nípa àìbìkítà, agbanisíṣẹ́ lè yọ iye tó mọ níwọ̀n, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ní kíkọ sílẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ pọ̀ nínú oṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Bí owó yín bá jẹ́ ₦90,000, ₦30,000 ni òpin rẹ̀. Ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ilé oúnjẹ àti ilé epo ni èyí ti le jù: owó kò pé lálẹ́, wọ́n pín in kárí gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ẹ tó gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè tààrà pé ta ló máa ń san án bí owó kò bá pé.

Bí álẹ́ẹ̀tì bá wọlé, ẹ má kàn wo iye. Ẹ wo orúkọ tó fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ àkáǹtì ọ̀gá fúnra rẹ̀ tàbí ti ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀, tí kò sí ọ̀rọ̀ "salary" níbẹ̀, ìwé àkáǹtì yín kò ní lè jẹ́rìí dáadáa pé ẹ ń gba owó oṣù, bó ti wù kó pẹ́ tó, nígbà tí ẹ bá fẹ́ yá owó tàbí tí ẹ bá fẹ́ gba físà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìwé owó oṣù, ohun tí gbogbo wa ń pè ní payslip. Owó orí tí wọ́n bá yọ, bó bá jẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó lẹ ń gbé, LIRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìpínlẹ̀ náà, ló yẹ kó gbà á.

Owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ti ń jẹ wá jù. Òfin ọdún 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè máa dá owó ìfẹ̀yìntì: ìdá 8 nínú 100 láti apá yín, ìdá 10 láti apá wọn, kí ó sì dé RSA yín, ìyẹn àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì tó wà lórúkọ yín, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n sanwó. Owó tí wọ́n ń gbé ìṣirò lé kò gbọdọ̀ kéré sí àròpọ̀ owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀. Ká ní àròpọ̀ yẹn jẹ́ ₦150,000: ₦12,000 ni wọn yóò yọ lọ́wọ́ yín, wọn yóò fi ₦15,000 kún un, ₦27,000 ló gbọ́dọ̀ wọlé lóṣooṣù. Ohun tí ọ̀gá burúkú ń ṣe ni pé yóò yọ ₦12,000 yẹn, yóò sì fi ra dísẹ́ẹ̀lì sí jẹnẹrétọ̀. Orí payslip ló hàn sí, kò dé RSA. Ẹ má dúró dìgbà ìfẹ̀yìntì kí ẹ tó mọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà PEN yín, ìyẹn nọ́ńbà RSA náà, béèrè sítéétímẹ́ńtì lọ́wọ́ PFA yín, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì yín, ní oṣù kejì, kí ẹ fi wé payslip. Bí kò bá bára mu, ẹ kọ ọ́ sí email: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo rí i pé wọ́n yọ ₦12,000 fún ìfẹ̀yìntì nínú owó oṣù tó kọjá, mi ò sì tíì rí i nínú RSA mi. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjọ́ wo ni wọ́n fi ránṣẹ́?" Ìdáhùn tó bá wá ni yóò sọ ohun tó kù fún yín. Ẹni tó mọ́ yóò fi ẹ̀rí hàn yín. Ẹni tó bá ní "kí ló dé tí o ń fi ẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́" ti dáhùn. PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, ń gba ẹ̀sùn irú èyí, òfin sì fi owó ìjìyà lé e lórí.

Nípa àwọn ènìyàn, ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Ẹ béèrè ibi tí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ sì mọ iye àwọn tó ti lo ọdún kan ní ẹ̀ka yín. Ẹ ra oúnjẹ lọ́wọ́ màmá tó ń ta ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ó ń tà láwìn fún àwọn òṣìṣẹ́, nítorí náà ó mọ ọjọ́ tí owó ń wọlé gan-an ju HR, ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, lọ.

Kí n má baà ṣi àwọn kan lọ́nà: kì í ṣe gbogbo ọ̀gá tó le ló jẹ́ ọ̀gá burúkú. Ilé-iṣẹ́ kékeré ní Mushin tí kò ní HR, tí ìyàwó ọ̀gá ń kọ owó sínú ìwé, lè sanwó ní ọjọ́ 25 láìyẹ̀. Owó tó pẹ́ ọjọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì ti sọ ṣáájú, kì í ṣe ìjà. Bó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léra wọn láìsí àlàyé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mìíràn nígbà tí èyí ṣì wà lọ́wọ́.

Títí dìgbà yẹn, ẹ máa tọ́jú ẹ̀rí sí ibi tó jẹ́ tiyín: lẹ́tà, payslip, àwòrán àtẹ̀jíṣẹ́ àti ọjọ́ tí owó wọlé. Ẹ má ṣe kó àṣírí àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ mọ́ ọn, ìyẹn yóò yí ẹ̀bi padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ má fọwọ́ sí lẹ́tà ìkọ̀wéfiṣẹ́sílẹ̀ tí kò ní ọjọ́. Bí owó bá há, Citizens' Mediation Centre ti Ìpínlẹ̀ Èkó ń bá ẹgbẹ́ méjèèjì sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, National Industrial Court, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, wà ní Ìkòyí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ ìkìlọ̀ yín sílẹ̀, kí ẹnì kan fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pé òun gbà á, kí wọ́n sì kọ ìwé fún yín pé ẹ dá kọ̀ǹpútà àti káàdì padà. RSA yín ń bá yín lọ; nọ́ńbà PEN kan náà ni ẹ ó gbé fún ibi tuntun.