Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ wọ ṣòkòtò!

Ó ti sú mi o! A tún kó àwọn ọmọ lọ lúwẹ̀ẹ́ ní púùlù kan n'Íbàdàn lánàá, bàbá kan tó lè bí mi lọ́mọ ló gba iwájú wa kọjá, pátá tí ò tó àtẹ́lẹwọ́ ló wọ̀, ó wá lọ dúró láàárín àwọn ọmọdé, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Háà! Ṣé ṣòkòtò pénpé ti tán ní Dùgbẹ̀ ni? Kẹ́nì kan má sọ fún mi pé ní Faransé, pátá ìlúwẹ̀ẹ́ tó fún mọ́ra ni wọ́n ní kọ́kùnrin máa wọ̀ ní púùlù ìjọba torí ìmọ́tótó, ṣé Faransé la wà ni? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àgbà wá ni ó ń bọ́ra sílẹ̀ lọ́jà báyìí! Ọmọ mi ọdún 4 ń nàka sí i, mi ò mọbi tí mo máa fojú sí. Ẹ bo nǹkan yín, ẹ jọ̀ọ́!