Ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ẹ

Ọdún tí a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sílé wa ní Àúlé, níbí l'Ákùúrẹ́, ojú mi rí màbo. Ọkùnrin tó wá gbẹ́ ẹ kò mú ohunkóhun wá láti fi wo ilẹ̀. Ó kàn rìn yí ilé po lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó fẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ibí yìí lomi wà." Èmi náà gbà. Ṣebí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ràn omi? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Ilẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ ń jáde, nígbà tó yá ó di eruku òkúta. Kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo aṣọ tí ìyàwó mi sá ti funfun bí aṣọ Ọbàtálá. Omi kò jáde. Owó ti wọlẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ́ nípa ìmọ̀ ilẹ̀ ní fásitì nígbà yẹn, fi mí rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ó kó ọ̀rẹ́ méjì wá, pẹ̀lú àpótí ẹ̀rọ kan tí wọ́n yá, wáyà tí wọ́n ká jọ rẹpẹtẹ, òòlù, àti irin ṣóńṣó mẹ́rin. Wọ́n kan irin náà mọ́lẹ̀ ní ìlà kan. Wọ́n ń gbé iná mànàmáná gba inú irin méjì tó wà lẹ́yìn òde, wọ́n ń ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín méjì tó kù. Bí wọ́n bá ṣe ń sún ti ẹ̀yìn òde jìnnà síra wọn, bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń wọlẹ̀ jinlẹ̀ sí i. Òkúta tó le gbagidi kì í fẹ́ kí iná gba inú òun kọjá, ṣùgbọ́n ibi tí òkúta ti jẹrà tàbí tó ti sán, tí omi wà nínú rẹ̀, iná á gba ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ọ́ńkù," ló wí, "abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín, àpáta ni. Ibi tí ẹ ń páàkì mọ́tò sí ni kí ẹ gbẹ́." Omi ibẹ̀ la ń mu títí dòní.

Ariwo lithium tó gba ìgboro ló jẹ́ kí n rántí ọ̀rọ̀ yìí. Òun ni wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù wa, ti ínfátà, ti mọ́tò tí kò lo epo. Lọ́dún 2022, ó wà lára ohun àlùmọ́ọ́nì 50 tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ pé àwọn kò gbọdọ̀ ṣaláìní. Àwa náà ti gbọ́ pé ó wà ní Nasarawa, ní Kwara, ní Èkìtì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú wa. Lóṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan fi fọ́tò òkúta ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó rí i lóko bàbá rẹ̀ lọ́nà Ìdànrè. Ó béèrè bóyá òun ti dolówó. Báwo ni màá ṣe mọ̀? Òkúta tó ní lithium nínú àti òkúta lásán tó jọ ọ́, ojú lásán kì í sábà dá wọn mọ̀.

Ojú nìkan kọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó dà bí ìbọn, XRF lorúkọ rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ máa ń nà sí òkúta kí ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lithium fúyẹ́ débi pé ẹ̀rọ yẹn kò rí i. Èyí tó lè rí i ni LIBS, tó máa ń fi iná lésà jó orí òkúta díẹ̀, tí yóò sì ka ìmọ́lẹ̀ tó ta jáde. Ní Nàìjíríà, inú òkúta tí wọ́n ń pè ní pegmatite ni lithium sábà máa ń wà, pegmatite ọ̀hún sì máa ń tẹ́ẹ́rẹ́. Nílẹ̀ wa níbi, ilẹ̀ pupa tó nípọn lè bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Kí n má purọ́, ìjọba àpapọ̀ gbìyànjú: kí ọdún 2010 tó dé, wọ́n ti fi bàálù gbé ẹ̀rọ tó ń yẹ ilẹ̀ wò fò lórí Nàìjíríà, ní nǹkan bí mítà 80 sókè, ìlà kan sí èkejì jẹ́ mítà 500. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n òkúta tí kò fẹ̀ ju mítà mẹ́wàá lọ lè sùn láàárín ìlà méjì kó máa hanrun.

Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ìjọba fi owó sórí ìwádìí àwọn ẹ̀rọ àti ọgbọ́n tó bá irú ilẹ̀ tiwa mu. Ilé iṣẹ́ aládàáni kò ní ṣe é fún wa. Bí wọ́n bá rí nǹkan, abẹ́ ìrọ̀rí wọn ni wọ́n máa fi sí, n kò sì bá wọn jà, owó wọn ni. Ìjọba ló lè náwó sórí ohun tó ṣeé ṣe kó má yọrí sí rere, kó sì ṣí èsì rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 2021 ya mílíọ̀nù 320 dọ́là sọ́tọ̀ fún ọdún márùn-ún láti yẹ ilẹ̀ wọn wò. Australia ní tiwọn kéde bílíọ̀nù 3.4 dọ́là tiwọn lọ́dún 2024, fún ọdún 35. Ọdún 35! Èwo nínú àwọn olóṣèlú wa ló ń ronú kọjá ìbò tó ń bọ̀?

Owó kọ́ ni kò sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí Ààrẹ Tinubu fi kún ìṣúná, tírílíọ̀nù kan náírà ni wọ́n ní ó máa lọ sí ẹ̀ka ohun àlùmọ́ọ́nì. Kí wọ́n yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ní FUTA, fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Ákùúrẹ́ níbí, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan ṣoṣo nínú ohun tí wọ́n lè ṣèwádìí rẹ̀: ọ̀gán. Ikán máa ń walẹ̀ lọ jìnnà wá omi àti amọ̀, wọ́n á sì gbé erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ wá sókè fi kọ́lé. Àwọn tó ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì ti ń bu erùpẹ̀ ọ̀gán lọ yẹ̀ wò ọjọ́ ti pẹ́, torí ó ń sọ ohun tó wà lábẹ́ láìgbẹ́ kòtò kankan. Ọ̀gán mélòó ló wà láti Ìgbàrà-Òkè dé Ọ̀wọ̀? Ọkọ́, àpò ọ̀rá, fóònù tó mọ ibi tí èèyàn dúró sí, àti yàrá àyẹ̀wò tó péye. Owó kò ní pọ̀ jù fún un.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ̀rọ̀ bitumen, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì. Òótọ́ ni. Láti ọdún 1908 ni wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ wá a lápá Àgbábù, síbẹ̀ a kò tíì rí èrè gidi jẹ nínú rẹ̀. Rírí kò túmọ̀ sí jíjẹ, mo gbà. Ṣùgbọ́n bitumen fúnra rẹ̀ ló ń sun jáde, kò fi ara pamọ́. Bí àwọn èèyàn bá sì ń fi àbá wá lithium, oko ni wọ́n ń bàjẹ́. Igi kòkó tí wọ́n hú lónìí, tí wọ́n bá tún un gbìn, ọdún mẹ́ta ó kéré tán kó tó so, kòtò tí wọ́n fi sílẹ̀ kò sì ní dí ara rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní Perth, ní Australia, báyìí. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ ò ní gbà á gbọ́, erùpẹ̀ ilé ikán ni wọ́n ń sanwó fún mi láti máa bù." Mo wo ojú fèrèsé. Ọ̀gán kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa, ó ga tó mi. Ewúrẹ́ aládùúgbò ń fi ara họ ọ́.