Éjẹ́ǹtì kò ní jí ìtàn yín

Bí ẹnì kan bá parí ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, tó wá ń wá éjẹ́ǹtì tí yóò bá a tà á fún ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York, ìmọ̀ràn tó kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni pé: "Má tíì fi ránṣẹ́ o! Lọ gba kọ́píráìtì ná, wọn á jí i." Àwọn tó ń sọ ọ́ ò ní èrò ibi. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà ò tọ́, iṣẹ́ tó dára ló sì ń bà jẹ́ lójú àwọn tó yẹ kó kà á.

Ìjọba kọ́ ló ń fúnni ní kọ́píráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀. Gbàrà tí ẹ bá ti kọ ìtàn yín sílẹ̀, yálà sínú ìwé tàbí sórí kọ̀ǹpútà, tiyín ni lójú òfin. Ohun tí Àdéhùn Berne, àdéhùn àgbáyé lórí kọ́píráìtì tó ti wà láti 1886, dúró lé nìyẹn. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní 1993, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òfin kọ́píráìtì tuntun tí Nàìjíríà buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ò yí ìyẹn padà: ẹ̀tọ́ náà wà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé títí tó fi kú, ó sì tún wà fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bó bá wù yín, ẹ lè forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí kọ́píráìtì nílé wa, àmọ́ kì í ṣe dandan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò tilẹ̀ ní irú ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà ní in, ó sì wúlò níbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde ló sábà máa ń ṣe é, lórúkọ òǹkọ̀wé, nígbà tí ìwé bá jáde. Àwọn kan tún máa ń fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí ara wọn ní pósítọ́fíìsì, kí òǹtẹ̀ orí àpòòwé lè jẹ́rìí fún wọn. Ọ́fíìsì kọ́píráìtì Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ gbangba pé ìyẹn ò lè rọ́pò ìforúkọsílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí éjẹ́ǹtì ti ń jẹun. Kì í gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Bó bá ta ìwé yín, á yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọlé, tàbí ìdá 20 bó bá jẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ló ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí. Bí kò bá tà á, kò rí nǹkan kan. Ohun tó máa ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ láǹfààní ni pé kí òǹkọ̀wé kọ ìkejì, kó kọ ìkẹta, kó jókòó ti olóòtú ṣe àtúnṣe, kó sì lè dúró síwájú àwọn òǹkàwé sọ̀rọ̀ nípa ìwé rẹ̀. Bó bá jí ọ̀kan, ta ni yóò kọ èyí tó kù? Ọjọ́ tí àwọn olóòtú bá sì mọ̀ ọ́n sí olè, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn. Àfọwọ́kọ Amos Tutuola gan-an dé ọwọ́ àwọn àjèjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ ìwé ìsìn tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí kì í tẹ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì darí rẹ̀ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde Faber, tó tẹ̀ ẹ́ jáde lórúkọ Tutuola fúnra rẹ̀ ní 1952.

Èrò inú ìtàn ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé wọn á jí. Èrò ò ní kọ́píráìtì. Bí a ṣe sọ ọ́ ni òfin ń dáàbò bò. Ìyá méjì lè pa àlọ́ Ìjàpá kan náà, kí ọ̀kan pa yín lẹ́rìn-ín, kí oorun sì máa kùn yín lọ́dọ̀ èkejì. Ilẹ̀ ìdílé tó dìjà, ọmọ tó sá nílé, éjẹ́ǹtì ti rí gbogbo rẹ̀ rí. Bí ẹ̀yin ṣe sọ ọ́ ni kò tíì rí.

Olè àfọwọ́kọ kan wà lóòótọ́. Filippo Bernardini, ọmọ Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ímeèlì ṣe bí éjẹ́ǹtì tàbí olóòtú láti 2016. Ó ṣí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tó lé ní 160 tó jọ ti àwọn ilé iṣẹ́ gidi. Á fi r àti n sí ibi tó yẹ kí m wà, ojú á sì fò ó. Iṣẹ́ tó lé ní 1,000 ló kó. FBI, àwọn ọlọ́pàá ìwádìí Amẹ́ríkà, mú un ní pápákọ̀ òfurufú JFK ní New York ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ó sì gbà ní kóòtù ní 2023 pé òun jẹ̀bi. Kò tẹ ọ̀kankan jáde lórúkọ ara rẹ̀. Ó ní kíkà ni òun fẹ́ kà wọ́n. Àwọn éjẹ́ǹtì wà lára àwọn tó tàn jẹ.

Owó yín ni olè tó wọ́pọ̀ ń wá, kì í ṣe ìtàn yín. Òun ló máa ń kọ́kọ́ kàn sí yín, á yin iṣẹ́ tí kò tíì kà, lẹ́yìn náà á ní kí ẹ san owó ìkàwé, owó àtúnṣe, tàbí owó tí wọn á fi bá yín gba kọ́píráìtì. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rù yìí gan-an ni wọ́n fi ń pawó? Ẹgbẹ́ àwọn éjẹ́ǹtì Amẹ́ríkà ò gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ gba owó láti ka iṣẹ́ ẹni. Ẹ wo orúkọ ẹni náà lórí Writer Beware, ojúlé tó ń kìlọ̀ fún òǹkọ̀wé nípa àwọn oníjìbìtì, kí ẹ sì kọ̀wé padà sí àdírẹ́sì tó wà lórí ojúlé ilé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an.

Ìbẹ̀rù yìí sì máa ń hàn nínú iṣẹ́ tí a bá fi ránṣẹ́. Àmì © á wà ní gbogbo ojú ìwé, fáìlì á ní ọ̀rọ̀ aṣínà, òǹkọ̀wé á ní kí éjẹ́ǹtì kọ́kọ́ fọwọ́ sí àdéhùn pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí lẹ́tà ń ya lù bí òjò ò ní fọwọ́ sí i; á kàn bọ́ sórí èyí tó kàn ni. Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àkópọ̀ ìtàn, níbi tí òǹkọ̀wé ti máa ń kọ "ẹ ka ìwé náà kí ẹ lè mọ bó ṣe parí" nítorí kí wọ́n má baà jí òpin rẹ̀. Àkópọ̀ gbọ́dọ̀ sọ òpin: ẹni tó kú, ẹni tó pa á, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni éjẹ́ǹtì ti ń mọ̀ bóyá ìtàn náà dúró.

Ìyókù ò le. Fáìlì Word, lẹ́tà Times New Roman ìwọ̀n 12, àlàfo ìlà méjì, ínǹṣì kan ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orúkọ yín àti ti ìwé lókè, nọ́ńbà ojú ìwé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà ń béèrè, pẹ̀lú lẹ́tà àti àkópọ̀ ojú ìwé kan. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà àti ojú ìwé díẹ̀ ni. Ẹ ka ìlànà ẹni kọ̀ọ̀kan lórí ojúlé rẹ̀, torí kì í dọ́gba, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo ẹ̀dà tí ẹ ti kọ pẹ̀lú déètì wọn sórí kọ̀ǹpútà àti sínú ímeèlì yín.