Ilé yúrò 1 ní Ítálì kì í fúnni ní pépà o

Ẹ̀yin ará, mẹ́sééjì tó ń lọ káàkiri Wásáàpù pé téèyàn bá ti fi yúrò 1 ra ilé ní Sicily, erékùṣù kan ní Ítálì, wọ́n á fún un ní pépà ìgbélùú lọ́gán, kì í ṣòótọ́ o. Ilé yúrò 1 wà lóòótọ́, àwọn ìlú bíi Mussomeli àti Gangi ní Sicily ti tà á, àmọ́ àlàpà ló pọ̀ jù níbẹ̀, òrùlé ti jìn, koríko ti hù ní pálọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe láàárín ọdún mélòó kan, owó ìdógò tí wọ́n sábà ń gbà tó 5,000 yúrò, ẹ ò tíì sanwó bíríkìlà o. Físà lọ́tọ̀, ilé lọ́tọ̀. Ẹ wo sáìtì ìjọba ìlú náà, kẹ́ ẹ sì bi ẹ́ḿbásì Ítálì. Mi ò bá ẹni tó fi ránṣẹ́ wí, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tẹ́ ẹ ti rí tàkọ́kọ́.