Ọ̀kùn Dọmọ Ilé

Ajá ti sú wọn. Ológbò ti di ti ìyá àgbà. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù àti Jámánì fi ń yangàn báyìí ni ọ̀kùn. Ẹ má rò pé ọ̀kùn tiwa tó ń ká jọ bí ọmọdé bá figi kàn án ni mò ń wí. Scolopendra ni, irú èyí tí Òyìnbó ń pè ní centipede, pẹlẹbẹ, olóró, ẹlẹ́sẹ̀ méjìlélógójì. Èyí tó ti Fẹnẹsúélà wá lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ń mú àdán jẹ nínú ihò àpáta.

Wọ́n ní àwọn ń sìn ín. Òótọ́ ni: wọ́n ń sìn ín bí ẹrú ṣe ń sin olówó rẹ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ ẹrú náà. Ilé olówó gbọ́dọ̀ ga tó ìlọ́po méjì gígùn ara rẹ̀, torí ó lè fẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró kó forí ti ìdérí. Ihò atẹ́gùn kò gbọdọ̀ gba orí rẹ̀. Ibi tí orí bá gbà, ara á tẹ̀ lé e. Kò lè gun gíláàsì dídán, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ igun gíláàsì, bí ẹni ń gun ọ̀pẹ ló ṣe ń gùn ún. Erùpẹ̀ ọlọ́rinrin, ó kéré tán 10 sẹ̀ǹtímítà, torí bílẹ̀ bá gbẹ, òun náà á gbẹ. Oúnjẹ ńkọ́? Ìrẹ̀ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, ẹ̀mú gígùn ni kí wọ́n fi gbé e fún un. Àwọn ọ̀kùn mìíràn a sì máa sáré gba orí ẹ̀mú bọ̀ wá sọ́wọ́!

Síbẹ̀, ọ̀gbẹ́ni á gbé e lé apá, á tan kámẹ́rà: “Ó mọ̀ mí o!” Ojú tí kò ríran dáadáa? Ìwo iwájú rẹ̀ ló fi ń yẹ apá yẹn wò bóyá ẹran ni. Bó bá gbà pé ẹran ni, ẹsẹ̀ abẹ́ orí rẹ̀ tó ti di abẹ́rẹ́ oró ló máa fi dáhùn. Ìrora ọ̀hún lè wọ ọjọ́ kejì, ọwọ́ á wú bí ẹ̀kọ inú ewé, ẹran ara ibi tó ta lè kú. Kò sí abẹ́rẹ́ apa-oró rẹ̀ ní ọsibítù. Ọṣẹ àti omi ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kí wọ́n ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná tí kò tó èyí tó ń bó ni, bíi ìwọ̀n 45°C. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dí, kí wọ́n pe áńbúláńsì.

Lọ́dún 2014, ọ̀kùn ta ọmọ ọdún mẹ́rin kan ní Fẹnẹsúélà, ọmọ náà sì kú. Inú agolo ohun mímu ni ọ̀kùn yẹn sá pamọ́ sí. Ẹnikẹ́ni kò sìn ín o.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìdérí á yẹ̀ díẹ̀, ilé á ṣófo. Olówó ti jáde. Ẹrú á wá dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, á máa wo bàtà rẹ̀ lókèèrè.