Ẹ Jẹ́ Kí Àgbà Olórin Kọrin

Ó ti sú mi! Ṣé a kò lè pe àgbà olórin dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ wa, sí pápá gbangba ní Ìlọrin yìí kí àwọn tó ń pe ara wọn ní olólùfẹ́ rẹ̀ má fi ariwo bò ó mọ́lẹ̀? Bàbá kò tíì júbà tán tí wọ́n fi ń kígbe pé orin inú àwo àtijọ́ ni àwọn fẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, dàdàkúàdà kì í ṣe orin àkọ́sórí: ẹni tó wà níwájú olórin ló ń wò tó fi ń ki oríkì, tó fi ń pa òwe, tí àwọn ẹlẹ́gbè sì ń gbè é. Bí ó bá dánu dúró láti mí, wọn á ní ohùn rẹ̀ ti há. Ta ni kì í dàgbà? Ṣé ohùn ọmọ ọdún 30 ni ẹ retí lẹ́nu ẹni tó ti lé ní 70, nínú eruku ọyẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ti fóònù ló wá burú jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun orí àga níwájú àwọn ìyá arúgbó, ó kọ ẹ̀yìn sí olórin kí ó lè ya ojú ara rẹ̀, ní àkókò gan-an tí Bàbá ń ki àwọn baba ńlá wa. Odòlayé Àrẹ̀mú, ìlúmọ̀ọ́ká olórin dàdàkúàdà, ti lọ. Mélòó nínú irú wọn ló kù fún wa? Ẹ jókòó, ẹ panu mọ́, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ orin!